Iná Pupa inú Píkọ́ọ̀pù Bàbá Mi

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń dúró de kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Mùṣin nígbà tí òórùn ọ́ìlì tó ti jóná gba imú mi lọ. Ọkọ̀ ẹlẹ́rù kan ló ń kọjá, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀, bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé tó ń fi òòlù kan ilẹ̀kùn láti inú. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ ò tilẹ̀ gbójú sókè. Èmi jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ méjì kọjá kí ara mi tó wálẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ irú ìró yẹn. Píkọ́ọ̀pù funfun kan ni bàbá mi fi ń gbé búrẹ́dì kiri fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù, láti Mùṣin wọ Súrùlérè títí dé Costain. Bàbá Oníbúrẹ́dì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí a bá ti gba ọlidé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níwájú ọkọ̀ ni mò ń jókòó sí, búrẹ́dì gbígbóná á máa ta sánsán lẹ́yìn wa, ebi á sì máa pa mí láàárín oúnjẹ.

Bọ̀dá Àlàó ni mẹkáníìkì wa. Òun àti bàbá mi jọ wọ ọkọ̀ kan náà kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Èkó ni. Bó bá fẹ́ yẹ ẹ́ńjìnnì wò, á fi ẹnu sukudiráfà gígùn kàn án, á fi ìdí rẹ̀ sétí, á dijú, gbogbo wa á sì dákẹ́ bí ẹni wà níbi àdúrà.

Ó wá di ọjọ́ kan, iná pupa kékeré tó ní àwòrán agolo ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú níwájú bàbá mi. Bí a bá ń sáré, á kú. Bí a bá dúró, tí ẹ́ńjìnnì ń mí jẹ́jẹ́, á tún tàn. Bọ̀dá Àlàó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Ọ́ìlì pé. Ó mi orí.

“Ẹ̀gbọ́n, ó pé nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá ó ń gòkè. Omi lè kún kànga, kí okùn já. Ẹ gbé e wá ní Sátidé, kí n fi géèjì tí wọ́n fi ń wọn bí ọ́ìlì ṣe ń gòkè sí i. Bí ọwọ́ géèjì bá gòkè dáadáa, iná ló ń parọ́. Bí kò bá gòkè, ẹ́ńjìnnì ń kú lọ nìyẹn. Kó tó dìgbà náà, ẹ má wà á.”

“Àlàó, ṣé orí ni kí n fi ru búrẹ́dì?”

“Ẹ rù ú. Orí yín le tó.”

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bàbá mi wà á.

Ẹ mọ bí iṣẹ́ ṣe pín lọ́dọ̀ wa: ẹ́ńjìnnì ni ti mẹkáníìkì, iná ni ti ríwáyà, táyà ni ti fọganáísà, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ti ẹnìkejì. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ìṣirò. Lọ́jọ́bọ̀, iná yẹn ń ṣẹ́jú, mo ní, “Dádì, iná mà ni. Ṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ ríwáyà ló yẹ ká gbé e lọ?”

Bàbá mi ní ọmọ òun gbọ́n ju Àlàó lọ. Inú mi dùn dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Ó já mi sílẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ lọ́dọ̀ ríwáyà, ó gbé búrẹ́dì sọdá títì. Ríwáyà tú iwájú ọkọ̀, ó yọ gílóòbù iná náà, ó sọ ọ́ sápò, ó sì dí gbogbo rẹ̀ padà. “Àǹtí kékeré, ó ti kú. Wàhálà tán.” Mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Nígbà tí bàbá mi dé, mo ní, “Ó ti tún un ṣe.” Bí a ò ṣe lọ sọ́dọ̀ Bọ̀dá Àlàó ní Sátidé nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé, ní Costain, ẹ́ńjìnnì wa dún kọ̀, kọ̀, kọ̀, ó sì gan. Wọ́n fà á dé ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Àlàó. Nígbà tó tú abẹ́ rẹ̀, ẹrẹ̀ dúdú ló dí ojú asẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà gòkè.

“Ọ́ìlì ayédèrú tó o fi owó mi rà dà sí i nìyí,” ni bàbá mi wí. “Iná ti kú láti Ọjọ́bọ̀, ríwáyà ti tún un ṣe.”

Bọ̀dá Àlàó yíjú sí mi. “Àǹtí kékeré, kí ni ríwáyà ṣe sí i gan-an?”

Gbogbo mẹkáníìkì tó wà níbẹ̀ ń wò mí. Bí mo bá sọ ọ́, èmi ni mo pa ọkọ̀ tó ń bọ́ wa. Mo ní, “Ó tún un ṣe ni.”

Bàbá mi pe Bọ̀dá Àlàó ní olè níṣojú gbogbo wọn. Bọ̀dá náà kàn nu ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kárí àdúgbò, àwọn oníbàárà ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọdún tó yí po, ṣọ́ọ̀bù náà ti di ti ẹlòmíràn. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Wọn ò sọ fún mi pé ti ẹlòmíràn náà lè bá a lọ.

Lónìí, àwọn mẹkáníìkì ọjà Ládípọ̀ á so kọ̀ǹpútà mọ́ ọkọ̀, kọ̀ǹpútà á ka àìsàn rẹ̀ fún wọn. Síbẹ̀, àwọn tó mọṣẹ́ nínú wọn ṣì ń fi géèjì sí i kí wọ́n tó gbà á gbọ́.

Bàbá mi ti darúgbó kí n tó jẹ́wọ́ fún un. Kò bá mi wí. Ó béèrè fìlà rẹ̀, ó ní kí n mú òun lọ wá Àlàó. A dé Mùṣin, a dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé kan ní ó kó lọ Ìlọrin, ilé kejì ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí. Bí a ti ń bọ̀, bàbá mi gbọ́wọ́ lé mi léjìká, kò gbé e kúrò títí a fi délé. Ó dárí jì mí. Ẹni tó yẹ kó dárí ji àwa méjèèjì la ò rí.