Tawfiq Ní Oògùn Lòun Ń Ṣe

Tawfiq kú sí àhámọ́ àgọ́ ọlọ́pàá kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọ́n ní ikọ́ fée ló pa á. Irọ́ ni. Ẹni tó gba ìnhélà tó máa ń fín sẹ́nu lọ́wọ́ ẹ̀ ló pa á.

Ilé kan náà là ń gbé ní Ita Faji. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ Tawfiq yé mi, torí ọ̀rọ̀ ara mi ni. Ìgbà tí mo lóyún Ìbùkún ni wọ́n rí kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú lára mi, èyí tó ń jẹ ẹ̀dọ̀. Lọ́jọ́ kan mo bi í pé kí ló ń wò lójú kọ̀ǹpútà bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù.

"Ìyá Ìbùkún, ẹ ṣá mọ àwọn alábàárù Ìdúmọ̀tà? Oògùn téèyàn bá gbé mì, gbogbo ara ló ń fọ́n ká sí, díẹ̀ ló ń dé ẹ̀dọ̀. Alábàárù tí ò ní da ẹrù sílẹ̀ lọ́nà ni mò ń wá fún un. Ọ̀rá bíi tara ẹran ni wọ́n fi ń ṣe é. Tẹ́ ẹ bá la irun orí kan sọ́nà ẹgbẹ̀rún, bó ṣe kéré tó nìyẹn."

"Ta ló máa wá gbẹ́rù lé e lórí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kọ̀ǹpútà ló ń bá mi wo èyí tó máa gbé e àti èyí tó máa jò, ká tó dán an wò lára ẹnikẹ́ni. Kò tíì doògùn o. Ẹ má tíì yọ̀."

Mo yọ̀ ṣáá.

Ọ̀sán gangan làwọn ọlọ́pàá wọlé. Wọ́n rí géńdé, wọ́n rí kọ̀ǹpútà, ó parí. Sájẹ́ǹtì kan bi í pé, "Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Oògùn ni mò ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà, sà."

"Yéè! Ọmọ Yàhúù tó tún ń ṣoògùn! Ta lo fi ṣe é? Ìyá ẹ?"

Ká ní rísáàṣì ló pè é ni, bóyá ì bá ṣì wà láàyè. Oògùn tó ń wo ẹ̀dọ̀ sàn, oògùn owó, orúkọ kan náà la fún wọn. Ṣé ìyẹn wá tó láti pààyàn?

Mo pọn Ìbùkún, mo tẹ̀ lé wọn dé àgọ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò lè mí, ẹ fún un ní ìnhélà ẹ̀." Sájẹ́ǹtì gbé ìnhélà náà sókè. "Èyí náà, oògùn ni, àbí?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀, ó tì í.

A pe yunifásítì tó ti ń kàwé pé kẹ́nì kan wá sọ pé tàwọn ni. Ọ̀gá kan ní akẹ́kọ̀ọ́ lásán ni, kì í ṣòṣìṣẹ́ àwọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ fìdáù ẹ̀, wọ́n gbé àwòrán ẹ̀ ràgàjì wá: "Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì Wa." Wa kẹ̀? Ìgbà wo ló di tiyín?

Kọ̀ǹpútà ẹ̀ ṣì wà lágọ̀ọ́. Ẹ̀rí ni wọ́n pè é. Ẹ̀rí kí ni? Gbogbo alábàárù tó ń wá fún ẹ̀dọ̀ mi, àti fún tọ̀pọ̀ yín tẹ́ ò tíì yẹ̀jẹ̀ wò, ibẹ̀ ló wà. Láràárọ̀ ni mò ń ṣí ìpéǹpéjú Ìbùkún wò bóyá ojú ẹ̀ ti ń pọ́n, torí ìyá lè kó àrùn yìí ran ọmọ inú ẹ̀.

Ẹ̀yin ọlọ́pàá, ẹ gbé kọ̀ǹpútà náà fún ìyá Tawfiq. Ẹ̀yin yunifásítì, ẹ wá ẹni tó máa parí iṣẹ́ náà, ẹ tọ́jú àwòrán yín. Kí ọ̀gá àgọ́ sì mú sájẹ́ǹtì yẹn dé kóòtù, ká gbọ́ orúkọ ẹ̀. Tawfiq ní oògùn lòun ń ṣe, wọ́n ní apààyàn ni. Nínú òun àti sájẹ́ǹtì, ta ló pààyàn?