Àgádágodo Tí Ó Ti Ẹni Tó Ṣe É Mọ́lé

Àmì ìka mẹ́ta, tí oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti mú lẹ̀, ló wà lára gíláàsì òsì awò ojú Bàbá Àgádágodo. Ọ̀bọ ló na ọwọ́ gba ojú wáyà láti yàrá kejì, tó fi wọ́n síbẹ̀. Inú àhámọ́ ni bàbá fúnra rẹ̀ wà. Ìyàwó rẹ̀ dúró síta, ó fọwọ́ di ìhà mú.

"Bàbá ọmọ mi, ta ló tì yín mọ́bẹ̀?"

"Èmi ni. Mo fẹ́ fi hàn ọ́ pé àgádágodo mi ṣì lágbára ni."

Òótọ́ ló sọ. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá tó ti di olóògbé báyìí, òun ló sì ṣe àgádágodo ilé ẹranko ojú ọ̀nà òkun yẹn lọ́gbọ̀n ọdún sẹ́yìn, láìmọ ẹranko tí wọn yóò fi tì. Bí olùtọ́jú ti gbá yàrá àkọ́kọ́ nínú àhámọ́ ọ̀bọ tán, tó lọ jẹun ọ̀sán, bàbá wọlé, ó na ọwọ́ gba àárín irin, ó tẹ àgádágodo náà pa. Ọrùn olùtọ́jú ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì ló fi bá a jà pẹ̀lú píìnì irun ìyàwó rẹ̀. Bí píìnì bá ti tẹ̀, inú á kọ́kọ́ bí i, lẹ́yìn náà inú rẹ̀ á dùn.

"O ò rí iṣẹ́ ọwọ́ mi?"

"Mo rí i, ó dára. Ẹ jáde nínú rẹ̀."

Nígbà tí olùtọ́jú ṣílẹ̀kùn, bàbá kò tètè jáde. "Ọdún mélòó ni ọ̀bọ yìí ti lò níbí?"

"Mọ́kànlá, bàbá."

"Ṣé kì í sá jáde?"

"Gba ibo? Ẹni tó ṣe àgádágodo yìí kò fi eré ṣe é o!"

Ìyìn àkọ́kọ́ tí bàbá kò lè gbé mì nìyẹn.

Láti ibẹ̀, bí wọ́n ti ń bá ìrìn wọn lọ sí òkun, ìjókòó kò rọgbọ fún un mọ́. Ó kúrò níwájú ọkọ̀, ó bọ́ sẹ́yìn; ó tún padà síwájú. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ fárígá. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ibì kan. Mọ́tò nìyí, kì í ṣe gbàgede."

Síbẹ̀, bó bá rí pátákó ilé ẹranko, á ní kí wọ́n dúró. Ó fẹ́ràn àtiwò àwọn ẹranko. Kò fẹ́ràn pé wọ́n wà níbẹ̀ fún wíwò. Ní ọ̀kan nínú àwọn ilé náà, ní ìdí adágún ọ̀nì, ó tẹ̀ síwájú. "Ère lèyí. Láti ìgbà tí mo ti dé, kò mira." Ọ̀nì ta pàrà, ó gba fìlà lórí rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ó wà láàyè báyìí?"

"Ó wà. Bí mo bá tún bèèrè, orí ló máa mú."

Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ yí ọkọ̀ padà. Ọ̀dọ̀ ọ̀bọ yẹn ni mò ń lọ."

"Àwa tí a ṣì ń wá òkun lọ ńkọ́?" ni ọmọbìnrin rẹ̀ bi í.

"Ẹnikẹ́ni ò ti òkun mọ́lé. Yóò dúró dè wá."

Ẹni tó ni ilé ẹranko ọ̀bọ náà gbà: bí bàbá bá lè kọ́ àhámọ́ tó gbòòrò yí igi mẹ́ta ẹ̀yìnkùlé ká, kí ọ̀bọ máa gùn wọ́n. Oṣù méjì ni bàbá fi gé irin. Kò jókòó jẹun; orí ìdúró ló ti ń jẹun, bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní òun ti wá ń jowú ọ̀bọ.

Ọjọ́rú ni ọlọ́jọ́ dé bá bàbá. Àwọn tó wá kí ìyàwó rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ọ̀nì àti fìlà; òun náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, títí ohùn rẹ̀ fi rọ̀. Ó wá sọ ohun tí ọkọ rẹ̀ wí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bó ti ń di irin mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀: "Lọ́jọ́bọ̀, kí oòrùn tó mú, mo máa lọ ri òpó àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀ fún ọ̀bọ yẹn."