Ife Wáìnì Tí Ṣìfáwù Dá Padà

Àárọ̀ ọjọ́ tí ogun dé, ìwé ìdánwò ni mo ń kà. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi, Ṣìfáwù, ń parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní ìlú kan ní ìlà oòrùn Yukirénì. Ìró àkọ́kọ́ mi wíńdò jìgìjìgì. Mo rò pé ọkọ̀ akẹ́rù ló kọlu ilé. Nígbà tí ìkejì fi máa dún, Ṣìfáwù ti wọ bàtà.

"Múnírà, dìde. Mú páásípọ́ọ̀tù rẹ."

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń dàgbà níbí ní Jẹ́dà máa ń bi mí bí ogun ṣe ń rí. Ariwo kọ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, òùngbẹ ni. Ọjọ́ méjì la fi dúró nínú ọkọ̀ ojú irin, kò sí àyè láti jókòó, kò sí omi mímu. Búrẹ́dì kan ṣoṣo la ní, a ń gé e jẹ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń jẹ obì. Lẹ́yìn náà, a fẹsẹ̀ rìn lọ sí ẹnubodè. Ibi tí a ti ń sọdá odò kékeré kan ni yìnyín orí omi ti fọ́ lábẹ́ Ṣìfáwù, ó sì rì dé àyà. Síkáàfù mi ni mo fi fà á jáde. Aṣọ gan mọ́ ọn lára, a kò sì ní òmíràn.

Nígbà tí a fi máa wọ Sìlòfákíà, orílẹ̀-èdè tó wà lódì kejì ẹnubodè, ó ti ń wúkọ́. Bàbá arúgbó kan tó ń gbin àjàrà ló gbà wá sílé. Agbègbè wọn kò tóbi, òkè kéékèèké tí ọgbà àjàrà bò ni. Ilé rẹ̀ ti kún fún àwọn obìnrin àti ọmọ wọn, ló bá tẹ́ ibùsùn fún wa ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ tó ń kó wáìnì sí, láàárín àwọn àgbá igi óákù.

Ibà mú Ṣìfáwù, ó ń gbọ̀n. Bàbá sọ̀kalẹ̀ wá pẹ̀lú ife kan, ooru ń jáde lára rẹ̀. Èdè wọn sún mọ́ èyí tí a ti kọ́, a gbọ́ ohun tó sọ.

"Mu ún, ọmọ mi. Ọdún mẹ́jọ ló lò nínú igi. Ìgbéyàwó ọmọ mi ni mo tọ́jú rẹ̀ dè. Mo ti gbé e kaná fún ọ."

Ṣìfáwù wo wáìnì pupa náà. "Ẹ ṣé, bàbá. Mi ò lè mu ún. Mùsùlùmí ni mí."

Mo fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀. "Ṣìfáwù, tí ìnira bá dé, ẹ̀sìn fàyè sílẹ̀."

"Ṣé oògùn ni? Dókítà lo fẹ́ dà. Sọ fún mi."

Mi ò lè purọ́ fún un. "Kì í ṣe oògùn."

Ó dá ife náà padà, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bàbá kò bínú. Ó lọ po tíì olóyin wá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, èémí Ṣìfáwù ti ń kúrú. Bàbá sáré lọ wá ọkọ̀ aládùúgbò. Orí itan mi ló kú sí, a kò tíì dé ilé ìwòsàn. Ìlú bàbá náà la sin ín sí.

Mo parí ẹ̀kọ́ mi níbòmíràn. Jẹ́dà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, mò ń wo aláìsàn ní àdúgbò Nuzlah. Lọ́dún tó kọjá, ìyá Ṣìfáwù wá ṣe Ùmúrà láti Ìwó. Mo lọ bá wọn ní Mẹ́kà, nínú yàrá tí wọ́n dé sí. Wọ́n ní kí n ròyìn bí Ṣìfáwù ṣe kú, kí n má fi nǹkan kan pamọ́. Mo rò ó. Nígbà tí mo dé orí ife wáìnì, wọ́n gbọ́wọ́ sókè dá mi dúró.

"Ó mu ún?"

"Rárá, Àlàájà. Kò mu ún."

Mo rò pé ìyẹn máa tù wọ́n nínú. Wọ́n fọwọ́ bo ojú.

"Ìbá ti mu ún," ni wọ́n wí. "Ìbá ti mu ún, kí n wá bá a bẹ Ọlọ́run níbí."

Mo mọ̀ pé ife náà kò lè gbà á là. Mi ò sọ ọ́ fún wọn. Ládánì pe ìrun Àsàrí. Mo bá wọn wá bàtà wọn, a jọ sọ̀kalẹ̀ lọ sí mọ́sálásí Háráàmù.