Wáìnì Ọ̀pẹ Òyìnbó Tó Ń Kan

Ayọ̀kúnmi kò lè fara da òmùgọ̀, bẹ́ẹ̀ òmùgọ̀ kò wọ́n rárá ní àdúgbò rẹ̀ n'Ìjẹ̀bú-Òde. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe ẹnjiníà níléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ ohun mímu sínú ìgò. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó padà sílé tí ọkọ rẹ̀ olóògbé kọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pẹ òyìnbó tí wọ́n ń kó wá láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ pọn wáìnì.

Kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta àkọ́kọ́ ló kan gógó.

Timothy, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló kọ́kọ́ gbọ́. Ọkùnrin yìí gbé Lọ́ńdọ̀nù fún oṣù mẹ́jọ ní ogún ọdún sẹ́yìn, láti ìgbà náà kò sì sóhun tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n Ayọ̀kúnmi bá a nílé ọkọ ni, kò lè pe orúkọ mọ́ ọn lórí. Bọ̀dá Lọ́ńdọ̀nù ló ń pè é. Timothy rò pé oríkì ni.

"Ìyàwó, ṣúgà ló kù," ó wí, ó na ẹsẹ̀ sórí àga kejì. "Da ṣúgà sí i."

"Bọ̀dá, ṣé ẹ mọ ìwọ̀n èyí tí mo fi sí i tẹ́lẹ̀ ni?"

"Wáìnì kì í ṣe ìṣirò. Bí kì í bá ṣe ṣúgà, á jẹ́ pé omi kànga rẹ ni. Tàbí kí pásítọ̀ wá gbàdúrà sí i."

Ayọ̀kúnmi wò ó tìkà-tẹ̀gbin. Ó ti rí irú wọn níléeṣẹ́: bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, wọn á pààrọ̀ bẹ́líìtì, wọn á pààrọ̀ nọ́ọ̀tì, wọn á yí epo padà, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ̀rọ bá wá ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó tún un ṣe.

Ó ra kẹ́ẹ̀gì kékeré mẹ́fà, ó bu omi ọ̀pẹ òyìnbó kan náà sí gbogbo wọn, ohun kan ṣoṣo ló sì yí padà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ nìkan ló fi sílẹ̀ bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ó pààrọ̀ omi kànga nínú òmíràn, ó yí ìwúkàrà padà nínú òmíràn. Ọ̀kan gba ṣúgà sí i, kí ẹnu Timothy lè pa dé. Ó gbé òmíràn síbi tó tutù. Èyí tó kẹ́yìn ló dé pinpin, ó ki rọ́bà tín-ín-rín bọ ìdérí rẹ̀, ó ri ẹnu rọ́bà náà sínú ìgò omi, kí atẹ́gùn inú lè jáde kí tòde má sì wọlé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kẹ́ẹ̀gì márùn-ún ti kan. Èyí tó dé pinpin nìkan ni kò kan.

Ó mú ìwé. Kí ló dé tó ń kan? Atẹ́gùn ń wọ̀ ọ́. Kí ló dé tí atẹ́gùn ń wọ̀ ọ́? Wọ́n ń ṣí i. Ta ló ń ṣí i? Ó dá bírò dúró. Òun náà ni, láràárọ̀, pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, bí ọmọdé tó ń yọ́ ẹran jẹ.

"Ìwọ náà kò gbọ́n," ó sọ fún ara rẹ̀. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì kó lè dá a lójú. Bákan náà ló rí.

Nígbà tí Timothy dé, ó bu èyí tó kan fún un nínú ife dídán. Timothy tọ́ ọ wò, ó di ojú.

"Èyí gan-an nìyí! Ṣebí mo sọ fún ọ pé ṣúgà ni? Wọn kò ní èyí tó ju eléyìí lọ ní Lọ́ńdọ̀nù." Nígbà tó tọ́ èyí tó dára wò, ó yínmú. "Eléyìí kò lágbára."

"Ẹ ṣeun, Bọ̀dá."

Ó di gbogbo èyí tó kan fún un. Timothy gbé e lọ tayọ̀tayọ̀. Ayọ̀kúnmi bu tirẹ̀, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Adùn rẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn, ṣùgbọ́n ó ṣì rú díẹ̀. Ó ṣí ojú ewé tuntun nínú ìwé rẹ̀. Kí ló dé tó rú?