Aago Tí Bàbá Mi Ń Kà

Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà. Ìwà tèmi kò ní baba, ẹni tó bá mọ̀ mí ní ọ́fíìsì wa ní Garki á jẹ́rìí sí i. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi jókòó ti àwọn gílóòbù àtijọ́ kan, tí mo ń fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, kí n lè fi wọ́n ṣe aago fún bàbá mi.

Ojú wọn ló ń lọ. Dókítà ti là á mọ́lẹ̀ pé èyí tó ti lọ nínú ìríran wọn kò ní padà. Oògùn tí a ń kán sí i, ìyókù ló wà fún. Ìyókù yẹn ni gbogbo ìrètí mi. Nígbà tí ìyá mi kú ni mo lọ mú wọn wá láti Èkìtì sí ilé kékeré tí mo ń gbé ní Mpape, níbi tí eruku òkúta kì í jẹ́ kí aṣọ funfun ó pẹ́. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìntì. Ohun tó ń dùn wọ́n jù ni kí wọ́n máa bèèrè aago lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ.

"Èmi tí mo ń lu agogo fún odidi ilé-ẹ̀kọ́," wọ́n á ní, "èmi náà ni mo wá ń bẹ ọmọdé kó bá mi wo aago."

Ìyàwó mi ní, "Daddy, ẹ jẹ́ ká kúkú ra aago tó ń sọ̀rọ̀ fún Bàbá now."

Inú bí mi. "Afọ́jú ni wọ́n ń ra ìyẹn fún. Ṣé afọ́jú ni bàbá mi?"

Ó dìde, ó wọ ilé ìdáná lọ.

Inú ẹ̀rọ ìwọ̀n àtijọ́ tí ọ́fíìsì wa kó dà sẹ́yìn ilé ni mo ti tú àwọn gílóòbù náà. Nínú gíláàsì kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ṣe é ti fi wáyà tín-ín-rín tẹ àwọn nọ́mbà, ó tò wọ́n sẹ́yìn ara wọn. Èyí tí iná bá kàn á pọ́n bí ẹyin iná. Ìyẹn ló wù mí. Nínú yàrá tó ṣókùnkùn díẹ̀, ẹni tí ojú rẹ̀ kò dá ṣáṣá pàápàá á rí i. Ṣùgbọ́n iná tó ń lò kò kéré. Ó gbá mi lẹ́ẹ̀kan tí apá mi fi kú títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Gíláàsì rẹ̀ náà ò gba ìbínú. Mo fi agídí tẹ ẹsẹ̀ ọ̀kan, ó sán, atẹ́gùn wọlé, ó parí. Mo bú u bí ẹni pé ó létí. Mo wá òmíràn kiri lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù irin títí dé Zuba, kí n tó rí i nínú ẹ̀rọ kan tí wọ́n fẹ́ fọ́.

"Kai, Oga, wetin you wan use this one do?" ẹni tó tà á bi mí. Ní gbogbo àkókò yìí, bàbá mi ń kọlu ilẹ̀kùn.

Nígbẹ̀yìn, mo gbé aago náà sórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, mo tan iná sí i. "Ẹ wò ó, sà." Wọ́n kọjú sí i, wọ́n ní, "Ó mà dára o."

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, wọ́n á dáhùn, wọ́n á yíjú sí tábìlì, wọ́n á ní, "Aago mẹ́fà ti lọ." Láàárọ̀, bí ọmọ mi bá ti kí wọn, wọ́n á sọ aago fún un, wọ́n á ní kó má pẹ́ dé ilé-ẹ̀kọ́. Wọn ò kọlu ilẹ̀kùn mọ́ pàápàá. Mo fọ́nnu dé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ń fi ojú bi ìyàwó mi pé ṣé ó ti rí i báyìí. Oògùn ń ṣiṣẹ́, ìyókù ojú wọn wà níbẹ̀. Ohun tí mo ń sọ fún ara mi nìyẹn.

Ó wá di ọjọ́ kan tí òjò ṣú. Kò sí iná ní ọ́fíìsì, a tètè túká. Nígbà tí mo fi dé Mpape, ojú ọ̀run ti dúdú pátápátá lórí àpáta. Mo wọ yàrá wọn, mo dọ̀bálẹ̀, ẹnu mi sì sọ ohun tí ojú mi rí.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà."

"Kú ìrọ̀lẹ́, ọmọ mi. O kú iṣẹ́." Wọ́n yíjú sí tábìlì. "Aago mẹ́fà ti lọ. Hold-up ò pọ̀ lónìí nìyẹn."

Mo gbé orí sókè. Aago náà ń pọ́n yòò níwájú wọn. Aago méjì ọ̀sán kọjá díẹ̀ ni.

Mi ò tíì dìde nílẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ fi yé mi. Ìkíni wa ni wọ́n ń kà. Ẹni tó bá ti sọ pé ẹ káàárọ̀ tàbí ẹ káàsán ti fi aago lé wọn lọ́wọ́. Etí àti làákàyè ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ló ń ṣe ìyókù. Mo fẹ́ bínú, mi ò rí ẹni tí mo máa bínú sí.

"Bàbá, ẹ ò ríran mọ́."

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù.

"Láti ìgbà wo, sà?"

"Ó ti ṣókùnkùn tán kí o tó gbé e wá."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Wọ́n na ọwọ́, wọ́n ń wá orí mi kiri nínú afẹ́fẹ́ títí wọ́n fi bà á.

"Ọjọ́ tí o gbé e dé, mo gbọ́ tí ò ń rẹ́rìn-ín," wọ́n ní. "Láti ìgbà tí a ti sin ìyá rẹ, n kò gbọ́ ẹ̀rín lẹ́nu rẹ mọ́. Ṣé kí n wá sọ fún ọ pé o ti pẹ́ jù ni?"