Saifudeen, Tó Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Ara Rẹ̀

Kò sí ẹni tó mọ olóògbé Saifudeen ní Takie, l'Ógbómọ̀ṣọ́, tí kò mọ ìtàn ọjọ́ tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni, nínú ààwẹ̀ Rámàdáánì, nígbà tó rí i pé àwọn pátákó oníná tó ń fi àkókò ìrun hàn ní mọ́sálásí Ọ̀yọ́ yóò kéde ìṣínu kí oòrùn tó wọ̀. Àkókò Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti ṣèèṣì kọ fún Ọ̀yọ́, bẹ́ẹ̀ oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ a máa fi ìṣẹ́jú kan ṣáájú wọ̀. Ìṣẹ́jú kan péré ni, ṣùgbọ́n ó tó láti ba ààwẹ̀ odidi ìlú jẹ́. Ó tètè tún nọ́ńbà náà kọ. Kọ̀ǹpútà kọ̀ ọ́.

Òun fúnra rẹ̀ ló fi òfin náà lélẹ̀. Ètò tí àwọn pátákó ń tẹ̀ lé ní ẹ̀ka púpọ̀ tí òṣìṣẹ́ lè fi dán nǹkan wò, ṣùgbọ́n ẹ̀ka àgbà, èyí tí àwọn mọ́sálásí ń kà, kì í gba àtúnṣe kankan tí kò bá ní èdìdì. Inú kọ́kọ́rọ́ kékeré kan tí a ń kì bọ kọ̀ǹpútà, tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ni èdìdì ọ̀hún wà. Saifudeen sì ti gbàgbé tirẹ̀ sí ilé ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́.

Waliyat, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, rán an létí pé ẹni tó gbé òfin kalẹ̀ lè gbé e kúrò díẹ̀, kó sì dá a padà. Alhaji Kareem, tó ni ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn pátákó náà, pè láti Ọ̀yọ́, ó sọ bákan náà, ohùn rẹ̀ kò sì rọ̀.

"Bí mo bá ṣí i fún ara mi lónìí, Alhaji," ni Saifudeen wí, "ta ni mo fẹ́ tì í mọ́ lọ́la?"

Ó dé fìlà, ó wọ mọ́tò tó ń lọ sí Ọ̀yọ́. Mọ́tò kò tètè kún. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́fà ààbọ̀, kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ nílé ìyá rẹ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì wà ní Takie. Alhaji Kareem ló gbé tirẹ̀ sáré la àárín ọjà kọjá tòun ti agbádá. Saifudeen fi èdìdì lu nọ́ńbà kan ṣoṣo náà, ó ṣẹ́kù ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kí pátákó kéde. Ìyá rẹ̀ kò wo pátákó kankan. Ó ní ojú òun ṣì ń rí oòrùn.

Àwọn ẹlẹ́yà a máa bi í léèrè pé àṣìṣe àkọ́kọ́ yẹn ńkọ́, ṣé kò ní èdìdì ni. A máa dáhùn pé ó ní, èdìdì tòun gan-an. "Èdìdì kì í sọ pé mi ò ṣì í. Ó ń sọ pé èmi ni mo ṣì í."

Nígbà kan, Alhaji Kareem fẹ́ kí orúkọ mọ́sálásí kan hàn lórí pátákó kí Jímọ́ọ̀ tó dé. Ó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni lè tẹ orúkọ tó bá wù ú sára àtúnṣe, ló bá tẹ orúkọ Saifudeen. Ẹ̀ka àgbà dá a padà. Saifudeen kò bínú. Ó rán an létí bí àwọn ọmọ Ànábì Yàkúbù ṣe gbé ẹ̀wù Yúsúfù ẹlẹ́jẹ̀ wá bá bàbá wọn, tí bàbá sì ń ṣe kàyéfì irú ìkookò tó mọ ènìyàn jẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀wù kò fi ya.

"Alhaji, ẹ̀wù mi lẹ gbé wá," ló wí. "Èmi ò sí nínú rẹ̀."

Alhaji ní kí wọ́n máa pe òun ní ìkookò, kí orúkọ mọ́sálásí ṣáà wọlé. Saifudeen ní ìkookò náà ní láti ní èdìdì.

Ọ̀rọ̀ èdìdì yìí ń dun Waliyat ju bó ṣe ń sọ lọ. Saifudeen ti fún un ní kọ́kọ́rọ́ èdìdì kan lọ́jọ́ Iléyá tó ṣáájú ààwẹ̀ ọjọ́ Ọ̀yọ́, ó ní kó so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sọ fún un rí pé òun ti fi orúkọ rẹ̀ sára àwọn tí ẹ̀ka àgbà ń gba èdìdì wọn. Iṣẹ́ Waliyat, Saifudeen ló máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, tó sì máa ń fi èdìdì tirẹ̀ mú un wọlé. Waliyat náà kò dán kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wò rí. Lójú tirẹ̀, ó sàn kí ènìyàn dúró síta ju kí ó kanlẹ̀kùn, kí wọ́n má sì dá a lóhùn.

Inú oṣù Rájàbù ni Saifudeen padà sọ́dọ̀ Ọlọ́hun, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sin ín. Nígbà tí Rámàdáánì kù sí dẹ̀dẹ̀, tí àkókò tuntun gbọ́dọ̀ wọlé, Alhaji Kareem wá sí Takie láti pa òfin náà rẹ́. Ó ní òfin ti bá ẹni tó ni ín lọ.

"Ẹ jẹ́ kí n kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, Alhaji," ni Waliyat wí.

Ó ki kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà. Àtúnṣe náà wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tó wá wo ìdí rẹ̀, ó rí orúkọ ara rẹ̀ lára àwọn tí a gbà, pẹ̀lú èdìdì Saifudeen, láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ọ̀yọ́, èyí tó fi kọ̀ǹpútà Alhaji fúnra rẹ̀ kọ. Saifudeen kọ gbólóhùn méjì sí i: "Mo fi Waliyat kún un. Bí mo bá tún gbàgbé kọ́kọ́rọ́ mi, n kò ní gun mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́ pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu mọ́."

Alhaji rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣí fìlà. Lẹ́yìn náà ó fi òfin náà sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ọlọ́hun pàṣẹ pé kí a dá ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ wa padà fún ẹni tó ni ín. Saifudeen ti dá ti Waliyat padà fún un láti nǹkan bí oṣù mọ́kànlá. Ẹni tó ni ín ni kò tètè kanlẹ̀kùn.