Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Já Yánrin Lọ́gbà Òdòdó

Ìyá mi kò wá ṣeré ní Padova, nílẹ̀ Italy. Wọ́n wá mú mi relé ni. Láti pápákọ̀ òfurufú ni wọ́n ti sọ ọ́, kí n tó gba báàgì lọ́wọ́ wọn pàápàá: "Ìwọ àti ọmọ rẹ, ẹ tètè di ẹrù yín, kí a jọ máa lọ." Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé àárẹ̀ ìrìn àjò ni. Kì í ṣe àárẹ̀. Láti inú òtútù tí wọ́n ti dé, títí tí igi fi bẹ̀rẹ̀ sí rúwé, kò sí ọjọ́ tí wọn kì í béèrè pé, "Ìgbà wo la ń lọ?" Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á fi òwe kan náà dá ara wọn lóhùn: "Àjò ò dùn kónílé má relé."

Mi ò lè dá wọn lẹ́bi. Lójú tiwọn, kí ló kù tí mò ń ṣe níbí? Bàbá ọmọ mi ti gba London lọ, ó ti fẹ́ ẹlòmíràn síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti tán nínú mi, ṣùgbọ́n kò tíì tán nínú ìyá mi. Ilé tí bàbá mi kọ́ sí Ìsẹ́yìn ní yàrá rẹpẹtẹ tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí, èmi sì wà nínú ilé kékeré tí a ti ń gbọ́ ọ bí ẹni tó ń gbé lókè wa bá húkọ́. Iṣẹ́ mi ni pé mo ń tọ́jú àwọn arúgbó ní casa di riposo: mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń fún wọn lóúnjẹ, mo ń ti kẹ̀kẹ́ wọn lọ gba oòrùn. Lọ́jọ́ tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi, wọ́n ní, "Ìyá oníyàá lò ń wẹ̀, tìrẹ ń dá wẹ̀ nílé." Inú bí mi débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ohun tó tún dùn wọ́n jù ni ọmọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Bí mo bá bá a sọ Yorùbá, Italian ló fi ń dá mi lóhùn. Ó ti mọ́ mi lára, mi ò kà á sí mọ́. Ṣùgbọ́n ìyá mi á pè é, wọ́n á sọ̀rọ̀ gígùn, ọmọ á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní "Sì, nonna," ìyẹn "Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá àgbà," á sì sá wọ yàrá. Ìyá mi á wá yíjú sí mi: "Ọmọ ọmọ mi rèé, tí mo ń fọwọ́ júwe nǹkan fún bí odi."

Bẹ́ẹ̀ èmi kò fẹ́ lọ síbì kan. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fẹ́ràn kí n gun kẹ̀kẹ́ jáde láàárọ̀ kí ìlú tó jí, kí tram máa rọra kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àmọ́ a kì í bá ìyá ẹni jiyàn títí wọ́n á fi fi ìbínú wọ bàálù. Wọ́n ti dàgbà. Bí wọ́n bá gbé ọkàn wúwo lọ, ta ló mọ̀ bóyá a tún máa fojú kan ara wa? Ọjọ́ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì wọn sì ti ń sún mọ́lé. Mo fẹ́ kí wọ́n lọ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, kí wọ́n rí i pé ibi tí mo wà dára, kí wọ́n sì yọ̀ǹda mi.

Ni mo bá ronú kan òdòdó. Lórí àwọn òkè Euganei, lẹ́yìn Padova, ilé ńlá àwọn ọlọ́lá àtijọ́ kan wà tí wọ́n ń ṣí ọgbà rẹ̀ sílẹ̀ nígbà ìrúwé, nítorí òdòdó tulip. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti sọ ọ́ títí, ó ti sú mi. Mo ní ọkàn wo ni kò ní rọ̀ níbẹ̀? Bọ́ọ̀sì kò ba orúnkún ìyá mi mu, nítorí náà mo bẹ ọmọ Ìbàdàn kan tó ń ṣiṣẹ́ ní magazzino, níbi tí wọ́n ń kó ọjà pamọ́ sí. Ó ní mọ́tò, ó sì máa ń gbé ènìyàn jáde. Mo sọ fún un pé àwa nìkan ni o, kó má gbé ẹlòmíràn há wa láàárín. Ó gbà láti gbé wa lọ láàárọ̀, kí a dé kó tó lọ síbi iṣẹ́ lọ́sàn-án.

Nígbà tí ìyá mi jáde láti yàrá, wọ́n ti wọ ìró àti bùbá léèsì, wọ́n ta ìpèlé sí èjìká, wọ́n we gèlè, wọ́n wá gbé jákẹ́ẹ̀tì òtútù mi wọ̀ lé gbogbo rẹ̀.

Mo ní, "Màmá, ọgbà là ń lọ o."

Wọ́n ní, "Ọgbà ta ni? Ṣé onílé ò ní sí nílé ni? Kí la mú dání fún wọn?"

Mo ní onílé ti kú láti ayébáyé. Wọ́n ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, wọn kò sì tú gèlè.

Tulip náà pọ̀ lóòótọ́. Pupa, funfun, àwọ̀ ọsàn, ọ̀kan tó dúdú díẹ̀ bí àgbálùmọ̀ tó pọ́n jù, gbogbo wọn tò láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìsàlẹ̀ òkè. Ọmọ mi gba fóònù mi, ó ń sáré ya fọ́tò kiri. Èmi ń rìn níwájú, mò ń na ọwọ́ bí ẹni pé bàbá mi ló gbìn ín. "Màmá, ẹ wo eléyìí! Ẹ wo tọ̀hún!"

"Ó dára," ni ìyá mi wí, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n máa ń lò bí ènìyàn bá gbé ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ fún wọn. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Kí ni wọ́n ń fi í ṣe?"

"Wọ́n ń wò ó ni, Màmá."

"Lẹ́yìn tí wọ́n bá wò ó tán ńkọ́?"

"Á rọ."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n bu iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ létí ebè, wọ́n fi ìka rún un wò. "Ilẹ̀ tó máa gba iṣu rèé," wọ́n ní. "Wọ́n wá lọ fi gbin ohun tẹ́nu ò lè jẹ." Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ bí wọ́n ṣe wo ilẹ̀ náà, ó sì yé mi pé èmi náà wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì. Àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà tí a bá pàdé nìkan ni wọ́n ń fún ní ojú rere. "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ kú làálàá!" Àwọn yẹn á mi orí, wọ́n á ní "Buongiorno." Ìyá mi á ní, "Wọ́n kọ́ wọn nílé."

Mo yíjú wá ọmọ mi báyìí. Nígbà tí mo máa wẹ̀yìn, ìyá mi ti lóṣòó sórí koríko láàárín ebè òdòdó méjì.

"Yánrin!" Ohùn wọn gba gbogbo ọgbà. "Yánrin rèé o!"

Wọ́n ti ń já a, wọ́n ń kó o sínú ìpèlé. Mo wo ewé náà: ó tẹ́ sílẹ̀ lórí koríko, etí rẹ̀ rí gánrangànran bí eyín ayùn, òdòdó rẹ̀ pọ́n yẹ́lò. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kọjá ní gbogbo ìlú yìí. Ó sì jọ yánrin lóòótọ́, ẹ̀fọ́ yánrin tí wọ́n máa ń fi ẹ̀gúsí sè fún wa ní kékeré.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, wọn kì í já nǹkan níbí!"

"Ta ló gbìn ín? Ó dá hù ni."

Àwọn ènìyàn ti ń wò wá. Ọkùnrin òṣìṣẹ́ ọgbà kan ń sáré bọ̀, ó ń pè, "Signora! Signora!" Mo ti ń rò ó pé wọ́n máa bu multa, owó ìtanràn, lé wa. Mo tún ń rò ó pé gèlè ìyá mi ni gbogbo wọn máa ròyìn délé lónìí. Ọkùnrin náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa tí mo ti ń tọrọ gáfárà.

Kò bínú rárá. Ó ní kí wọ́n má ṣe já ti inú ọgbà ni, torí wọ́n ti fi oògùn sí koríko. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn ògiri: pápá kan wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a gbé mọ́tò sí, ibẹ̀ ni gbogbo ayé ti ń já a.

Mo ní, "Ẹ̀yin náà ń jẹ ẹ́?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í bóyá wọ́n ń mu omi.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún ìyá mi, wọ́n da ti inú ìpèlé nù, wọ́n dìde wùyà. Orúnkún tí wọ́n ti ń ráhùn lé lórí láti òwúrọ̀, mi ò gbọ́ nípa rẹ̀ mọ́. A kò tíì rí ìdajì òdòdó tí mo kó wọn wá wò tí wọ́n fi kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Inú bí mi díẹ̀, mo pe ọmọ mi, a sì tẹ̀ lé wọn.

A bá ìyá arúgbó kan, ọmọ ilẹ̀ náà, nínú pápá yẹn, pẹ̀lú ọ̀bẹ kékeré àti àpò ọ̀rá. Ìyá mi ké sí i láti òkèèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Ìyá náà nà ró, ó fi èdè àdúgbò tí èmi pàápàá kì í gbọ́ tán dáhùn, àwọn méjèèjì sì kọjú síra wọn bí ẹni tó ti ń retí ara wọn. Mo fi ọmọ tì wọ́n, mo lọ bẹ onímọ́tò pé kó fún wa láàyè díẹ̀ sí i.

Ó wo fóònù rẹ̀. "Àǹtí, mo ní turno níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án yìí o. Kí ni Màmá ń já?"

"Wọ́n ní yánrin ni."

"Yánrin kẹ̀? Níbí?" Ó ti fóònù bọ àpò. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n já a. Ẹ ṣáà bá mi bù nínú ẹ̀."

Bí mo ṣe ń pa dà bọ̀ ni mo gbọ́ ohùn kan. Mo dúró lẹ́yìn igi. Ìyá arúgbó náà rọra sọ̀rọ̀ fún ọmọ mi ní Italian, ọmọ mi fetí sílẹ̀, ó wá yíjú sí ìyá mi, Yorùbá ló sì fi sọ ọ́.

"Ó ní... ó ní ẹ má já eléyìí. Ó ti ní... fiore. Òdòdó. Tó bá ti ní òdòdó, ó máa korò gan-an. Ẹ já èyí tó kéré."

"Bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń sè é," ni ìyá mi wí, bí ẹni pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rán an.

Ó bi í. Ó gbọ́ èsì. "Ó ní kí ẹ bọ̀ ọ́. Kí ẹ fún omi ẹ̀ jáde. Kí ẹ wá fi aáyù dín in."

"Kò fi ẹ̀gúsí sí i?"

Ọmọ mi wá èdè Italian fún ẹ̀gúsí, kò rí i. Ó júwe rẹ̀ pẹ̀lú ìka, pé èso kékeré ni, tí wọ́n ń lọ̀. Ìyá arúgbó náà gbé èjìká sókè pé òun kò mọ̀ ọ́n. Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Ìyá náà na ọ̀bẹ rẹ̀ sí wọn, wọ́n gbà á, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì forí kora lórí koríko. Èmi dúró níbẹ̀, mò ń wò wọ́n. Inú mi dùn gan-an, mi ò fẹ́ kí n sún mọ́ wọn kí ọmọ náà má baà rí mi kó pa dà sí Italian.

Nílé nírọ̀lẹ́, a bọ̀ ọ́, a fún un, a fi ẹ̀gúsí tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù ọmọ ilẹ̀ wa kan lẹ́bàá stazione, ibùdó ọkọ̀ ojú irin, sè é. Mo fi ìyẹ̀fun ro iyán. Ó korò. Ọmọ mi fajú ro, ṣùgbọ́n ó gbé e mì, torí òun ló ṣe ògbufọ̀ rẹ̀.

Mo ní, "Màmá, kì í ṣe yánrin o."

"Mo mọ̀. Ìgbà tí mo tọ́ ọ wò nínú pápá ni mo ti mọ̀." Wọ́n tún bu òkèlè. "Ẹbí yánrin ni. Eléyìí ni wọ́n fi fún ọkọ síbí."

A jẹun díẹ̀ sí i. Ọmọ mi dìde lọ bu omi ní ilé ìdáná, ìyá mi sì wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹ̀rù ń bà mí ni," wọ́n ní. "Mo rò pé ọjọ́ tí mo bá kú, ọmọ yìí ò ní lè sọ ohun kan tí mo wí. Ìdí tí mo fi ń pè yín sílé nìyẹn. Àṣé ó gbọ́ gbogbo ẹ̀, ọ̀lẹ ló ń ṣe." Wọ́n nu ọwọ́. "Èmi nìkan ni màá lọ. Ẹ̀yin, ẹ dúró. Ṣùgbọ́n òun fúnra ẹ̀ ni kó máa pè mí o, kì í ṣe ìwọ."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Màmá," mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Wọ́n ní kí n dìde kí iyán mi má tutù. Mo dìde, mo jókòó, mo bu ẹ̀fọ́ sí i fún wọn. Ohun tí mo ti ń wá láti inú òtútù nìyẹn, ó tẹ̀ mí lọ́wọ́ tán ni mo tó mọ̀ pé mi ò fẹ́ kí wọ́n lọ.